Olùkọ́ fún Ẹsẹ̀ Màmá Mi

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ Màmá mi ní àdúgbò wa ní Dumyat, nílẹ̀ Íjíbítì. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe ohùn. Àjà karùn-ún là ń gbé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ méjìlélàádọ́rùn-ún. Nígbà tí bàbá wa kú, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, Wagdi ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá lọ bá àwọn ọ̀gá tó ń kan àga. Ó ní kí wọ́n máa kó àga tí wọ́n bá kàn tán fún òun, òun á máa fi sánpépà ha á nílé. Ó ń gbé àga mẹ́ta lórí gòkè. Ó ń gbé mẹ́ta mìíràn lórí sọ̀ kalẹ̀. Nígbà mìíràn, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Owó àga yẹn la jẹ dàgbà. Ó tún ń sin pẹ́pẹ́yẹ lórí òrùlé.

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé, bí o bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn, tí kì í bá ṣe ọmọdé, Ìyá Wagdi ni.

Wagdi kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Òun ló ń gbẹ́ igi, èmi ló ń kun fáníìṣì, ibi iṣẹ́ kan náà la wà. Wọ́n ń já pákó sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ẹrù. Okùn já. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń sin òkú. Àwọn obìnrin máa ń lọ sí ibojì lẹ́yìn náà. Ní Àlàmísì kejì, Màmá wọ dúdú, ó gbé búrẹ́dì àti dàbínù sàárà dání, òun àti àwọn obìnrin jáde. Ó dé àjà kẹrin. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè dìde. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi àga gbé e padà sókè.

Látọjọ́ yẹn kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Kò sì sí ohun tó ń lé e sọ̀ kalẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà ní báákónì. Yóò fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀, yóò pariwo pé tòmátì kílò kan, wàràkàṣì funfun díẹ̀. Ọmọ onísọ́ọ̀bù á kó o sínú ẹ̀, Màmá á fà á sókè. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́jọ ṣe lọ. Ara rẹ̀ wú, itan rẹ̀ gbẹ. Kí ó tó dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á kọ́kọ́ ka Bìsìmílà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi àga gbé yín lọ síbi ibojì Wagdi. Àwa mẹ́rin, kíá ni."

Ó ní, "Òkú ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé yìí, Shukri. Bí mo bá máa lọ rí ọmọ mi, ẹsẹ̀ ara mi ni yóò gbé mi lọ."

Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Bí ikú Wagdi bá fi máa pé ọdún kan, kí òun ti dúró níwájú ibojì rẹ̀.

Mo pe dókítà kan. Ó gun òkè wá. Nígbà tó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ̀rọ̀. Màmá ní, "Shukri, bu omi fún un. Ó jọ pé òun ni wọ́n pè mí láti wá tọ́jú." Dókítà mu omi tán, ó tẹ orúnkún Màmá, ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní orúnkún náà kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iṣan ló ń kú. Bó bá jókòó báyìí di ìgbà ooru, kò ní dìde mọ́. Ó ní kì í ṣe oògùn ló máa wò ó. Kí n wá ẹni tó mọ eré ìdárayá, tí yóò máa wá bá Màmá nìkan nílé, tí yóò máa kọ́ ọ bí yóò ṣe padà lo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni wọ́n á sọ? Ilé ọ̀fọ̀ ni ilé wa. A fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ṣé ó yẹ kó máa na apá na ẹsẹ̀ bí ẹni ń jó?

Mo bi àbúrò bàbá mi, Bàbá Lutfi, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mu tíì. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Shukri, ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé, Bàbá."

"Ṣé ẹṣin ni ìyá ẹ, tí o fẹ́ gba ẹni tí á máa kọ́ ọ ní ìrìn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

"Bó bá jẹ́ ẹṣin ni, Bàbá, ẹ ò bá ti gba ẹnìkan fún un látijọ́."

Ẹ̀rín dá. Bàbá Lutfi gbé ife rẹ̀, ó mu ún, kò wò mí. Nígbà tó yá ó ní, "Ọkùnrin ò gbọdọ̀ wọlé bá a o." Mo mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Kóòṣì Fikri. Òun ló ni ilé ìdárayá tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kejì sí tiwa. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Kò le. Mú Màmá wá síbí."

"Kóòṣì, bó bá lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ, kí ni mo tún wá ṣe lọ́dọ̀ ẹ?"

Ó gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò ó. "Òótọ́ ni o." Ó sọ pé òun ò lè gun òkè lọ bá opó, ẹnu àdúgbò ò ní kúrò lára òun. Ó tún fẹ́ ta agolo ìyẹ̀fun kan fún mi, tí yóò mú kí iṣan dàgbà. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní nọ́ńbà ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn obìnrin níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lamis lorúkọ rẹ̀.

Lamis wá. Aṣọ ìdárayá rẹ̀ pupa bí òdòdó. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù.

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò yín ná. Ti ṣáájú."

"Ṣáájú kí ni?"

"Ṣáájú kí ara yín tó yá, kí ẹ tó dá ṣáṣá."

Màmá wò ó. "Mo ti dá ṣáṣá rí, ọmọ mi. Ìyẹn ni ṣáájú. Eléyìí ni ẹ̀yìn."

Lamis ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ fóònù, orin bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Nínú ilé wa. Màmá kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Mo sin Lamis dé ìsàlẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ní òun ò mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ ni. Mi ò bá a jà. Èmi ni mi ò sọ fún un. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní wá.

Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ lọ bá Tíṣà Inshirah. Òun ló kọ́ mi ní ilé ìwé. Bí òun ò bá lè ṣe é, kò sẹ́ni tó lè ṣe é."

Mo ti fẹ́ ṣíwọ́. Mo lọ ṣáá.

Tíṣà Inshirah ti fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kúkúrú, ó gún bí òpó. Ogún ọdún ó lé ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ó ń sá aṣọ nígbà tí mo dé. Kò ní kí n jókòó. Ó fún mi ní àwọn nǹkan ìfisáṣọ mú dání, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ta ló ń bá a ra nǹkan?"

"Apẹ̀rẹ̀ ni, Tíṣà."

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa okùn?"

"Òun ni."

"Ó dára. Apá wà. Níbo ló fẹ́ lọ?"

Kò yé mi. Dókítà kò bi mí bẹ́ẹ̀. Kóòṣì Fikri kò bi mí, Lamis náà kò bi mí.

"Ẹni tí ò níbi tó ń lọ ò ní rìn. Ìyá ẹ, níbo ló fẹ́ lọ?"

Mo ní, "Ibojì ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sá aṣọ kan, ó sá ìkejì.

"Àtẹ̀gùn mélòó?"

"Méjìlélàádọ́rùn-ún."

"Ìgbà wo?"

"Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún pé."

Ó sọ iye tí yóò gbà. Ó lé díẹ̀ lórí ti Lamis. Mo gbà, mi ò ná an. Ó ní, "Orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?" Mo ní Wagdi. Ó ní Àtàláátà lòun ń bọ̀.

Àṣìṣe tèmi ni ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Màmá lówùúrọ̀ Àtàláátà, ẹnu mi kọ̀. Mo ní tó bá di ọ̀sán. Ọ̀sán pé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tíṣà Inshirah dúró síbẹ̀. Nítorí pé ó mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ ni, dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀.

Màmá rí i. Ó nu ojú rẹ̀ kíá. "Shukri, se kọfí."

Mo dúró.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Àlejò wá kẹ́dùn, o dúró bí igi."

Kọfí ọ̀fọ̀ kì í ní ṣúgà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti bú ilé nìyẹn. Mo wo Tíṣà. Ó jókòó. Ó gba ife, ó mu kọfí kíkorò náà tán, ó dá ife padà.

Ó ní, "Kí Ọlọ́hun forí jì í, Ìyá Wagdi."

Oṣù mẹ́jọ ni ẹnikẹ́ni ò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ di Alhaja. Kò dé Mẹ́kà rí. Orúkọ òkú ni wọ́n ń sá fún. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ó kàn mí kanlẹ̀.

Tíṣà ní, "Irú ọmọ wo ni?"

Màmá sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bó ṣe ń jẹ alùbọ́sà inú pẹ́pẹ́yẹ kó tó jẹ ẹran. Ó sọ bó ṣe máa ń fi ọ̀bẹ kọ lẹ́tà kékeré kan sábẹ́ gbogbo àga tó bá gbẹ́, tí ọ̀gá kò sì mọ̀. Ó sọ ọjọ́ tó jí mi gbé lọ sí òkun ní Ras el-Bar, tí èmi ń sunkún, tí òun ń rẹ́rìn-ín. Mo wà ní ilé ìdáná. Mò ń fọ ife kan náà léraléra.

Wákàtí kan lọ. Tíṣà dìde. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ jókòó o, Ìyá Wagdi. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

"Ṣé mo ti di ẹni tí ò lè sin àlejò ni?"

Màmá di ọwọ́ àga mú. Ó dìde. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó fọwọ́ kan ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, ìdágbére ẹnu ọ̀nà máa ń gùn ju àbẹ̀wò fúnra rẹ̀ lọ. Tíṣà mọ èyí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjì, ó yíjú padà, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó rẹ ohùn sílẹ̀. Màmá ní, "Kí lẹ wí?" Tíṣà tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Màmá di irin àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀ kan kó lè gbọ́. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ó padà sókè fúnra rẹ̀.

Mo sáré bá Tíṣà ní ìsàlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan."

"Sísọ̀ méjì, gígùn méjì. Máa kà á."

Ó padà wá ní Jímọ̀ọ̀ lẹ́yìn ìrun. Àtẹ̀gùn márùn-ún. Ó wá ní Àtàláátà. Mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá dúró lórí ìkẹsàn-án, ó fọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó wo ojú Tíṣà.

"Ìwọ obìnrin yìí. Ìwọ kì í ṣe ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn."

"Mo wá bá yín kẹ́dùn. Mo tún ń gbowó."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ọmọ yín tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Èló?"

Tíṣà sọ ọ́.

"Ó ti wọ́n jù."

"Mo lè dín in kù."

"Má dín kọ́bọ̀. Jẹ́ kó san án. Ó ń purọ́ fún ìyá rẹ̀." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ha, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí látọjọ́ pípẹ́. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó jẹ́.

Látìgbà náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Jókòó, dìde, láìfọwọ́ kan àga. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Dúró síbi ìfọwọ́, gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò sí orin. Tíṣà ní kí Màmá fi "Súbúhánálláhì" kà á. Màmá ń kà á, ó ń ṣépè sí i láàárín. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sin àlejò rẹ̀ sọ́nà.

Nígbà tí wọ́n dé àjà kẹta, Ìyá Sohair tó ń gbé ibẹ̀ yọjú.

"Alhaja! Ìdárayá lọ́jọ́ ogbó? Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Màmá wí. "Ìwọ ni màá fi ṣe bọ́ọ̀lù."

Ìyá Sohair ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àwo máhàlábíyà, wàrà sísè oníṣúgà, sí iwájú ilẹ̀kùn wa. Ó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ ni, ó gbé e padà. Ó wá gbé ìrẹsì wá.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dára. Ní oṣù kejì, wọ́n ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Màmá dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ ní Àlàmísì ìjọ́sí. Àjà kẹrin. Ó jókòó. Ó sunkún gan-an, ohùn rẹ̀ lọ sókè sísàlẹ̀ ilé. Mo sáré wá láti gbé e. Tíṣà fi ọwọ́ dá mi dúró. Òun náà jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn ń kọjá, àwọn méjèèjì ń súnra fún wọn. Ó tó ìdajì wákàtí. Màmá fi ìbòrí nu imú.

"Tíṣà, o ò ní lọ sílé ni? Ṣé o ò lọ́kọ ni?"

"Ó ti kú."

"Ìgbà wo?"

"Ọdún keje rèé."

Màmá di irin mú, ó dìde. "Wá mu tíì."

Tíì yẹn ní ṣúgà. Mo rí i.

Ọjọ́ ọdún pé. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a jáde. Màmá sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Mo ń lọ níwájú, Tíṣà wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó di Màmá mú. Ìyá Sohair àti àwọn tó kù yọjú. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Nígbà tí Màmá tẹ ilẹ̀ ìgboro, ó wo òkè, ó wo báákónì wa, bí ẹni pé kò mọ̀ pé ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

A wọ Márúwá. Tíṣà ní òun ò ní tẹ̀ lé wa wọ ibi ìsìnkú. Ó ní ibi tí iṣẹ́ òun mọ nìyẹn. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń bá onímárúwá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Màmá ní kí n ṣíwájú. Mo ṣíwájú. Mo yà sọ́tùn-ún, mo padà. Mo yà sósì. Ògiri funfun, ilẹ̀kùn irin, gbogbo rẹ̀ jọra. Òógùn bò mí. Ní gbogbo Jímọ̀ọ̀ ni mo máa ń sọ fún Màmá pé mo yà kí Wagdi, pé mo ti bá a jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Irọ́ ni. Mo máa ń dé géètì, màá sì padà.

Màmá dúró.

"Shukri. O ò tíì wá síbí."

"Rárá, Màmá."

"Látọjọ́ tí wọ́n sin ín?"

"Látọjọ́ náà."

Mo ń retí kó bú mi. Ó fún mi ní àpò búrẹ́dì kí n gbé e, ó sì pe bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀. "Wagdi Abdel-Ghani, onígi." Bàbá náà nawọ́. Ìlà kẹfà, níbi igi.

Màmá ló ṣíwájú mi. Ó rìn láàárín ìlà, ó ń ka ìlà sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ lé e. A dé ibẹ̀. Kò mọ̀wé, ó ní kí n ka orúkọ náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo kà á díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. A ka Fátíhà. Ó sọ nǹkan fún un tí kì í ṣe fún etí mi, mo sì kọ ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo yíjú, ara rẹ̀ ń fì.

"Màmá, ẹ jókòó. Bẹ́ǹṣì rèé."

"Bí mo bá jókòó, ta ni yóò gbé mi dìde?"

"Èmi."

"Ìwọ? Wo orúnkún ẹ."

Mo wò ó. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Ó na apá rẹ̀ sí mi, mo sì fara tì í. Apá náà le. A dúró bẹ́ẹ̀ títí òòrùn fi dé orí wa. Ó wá ní, "Ní Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, a jọ ń bọ̀ ni. Lọ sọ fún Tíṣà pé iṣẹ́ kò tíì tán."